Ilé, Omi àti Afárá ní Ilẹ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé a máa bi wá léèrè pé: Àwọn ilé wo ni ó lókìkí, afárá wo ni ó sì wà, ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ láàárín ọdún 1800 sí 1850? Wọ́n ti kà nípa afárá Menai tí Thomas Telford kọ́ ní Wales, tí a ṣí ní 1826, àti nípa afárá tuntun tí a ṣí ní Lọ́ńdọ́nù ní 1831. Wọ́n ń fẹ́ ohun kan ní ilẹ̀ tiwa tí wọ́n lè na ìka sí fún àwọn ọmọ wọn. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn láìṣe àbùmọ́.

Ìdáhùn wa ni èyí. Àwọn baba wa kọ́ ilé, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kọ́. Afárá òkúta ni wọn kò kọ́. Kì í ṣe òpè ni wọ́n. Ní ayé tiwọn omi ni odi ìlú, ẹni tí ó bá sì tẹ́ afárá tí kì í ṣí kúrò sórí omi náà ti ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀tá. A ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ilé, lẹ́yìn náà nípa omi, kí a tó sọ bí afárá ti dé. Ní ìparí, a ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìsọlọ̀ ní òru ọjọ́ kan ní ọdún 2002, nítorí pé láìsí i, gbogbo ọ̀rọ̀ yìí yóò dà bí ìtàn àtijọ́ tí kò kan ẹnikẹ́ni mọ́.

ILÉ ÀWỌN ÀWÓRÌ

Àwọn Àwórì ni onílẹ̀ àtijọ́ ní agbègbè yìí. Ìtàn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn baba wọn ni pé Olófin Ògúnfúnminíre gbé àwo lé ojú omi, ó sì ń tẹ̀lé e lọ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ títí àwo náà fi rì. Láti inú gbólóhùn pé àwo ti rì ni a ti rí orúkọ Àwórì. Ìṣẹ́rí, tí ó wà lẹ́bàá Odò Ògùn, ni ìlú tí wọ́n kà sí orísun wọn, láti ibẹ̀ ni àwọn mìíràn sì ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ẹ̀búté Mẹ́ta àti Ìddó. Ìsọlọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Àwórì, Ọ̀sọlọ̀ sì ni oyè ọba rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé omi ni ó ṣe amọ̀nà wọn nínú ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ wọn.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kọ́lé, nígbà tí iṣẹ́ oko bá dẹ̀, tí òjò kò sì lè ba ògiri tútù jẹ́. A ó gbẹ́ ilẹ̀ pupa, a ó da omi sí i, àwọn ọ̀dọ́kùnrin yóò sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi di amọ̀ tí ó le dáadáa. A ó mọ amọ̀ náà ní ìṣù-ìṣù, a ó sì tò ó dé ìwọ̀n orúnkún. Níbẹ̀ ni a ó ti dúró, kí ipele yìí lè gbẹ kí a tó mọ òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá kánjú, ògiri rẹ̀ yóò wó lé e lórí. Nígbà tí ògiri bá ga tó, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ igi yóò gbé igi àjà sókè, wọn yóò sì fi ọparun àti ìtàkùn di òrùlé. Koríko bẹẹrẹ ni àwọn ará ọ̀dàn fi ń bo ilé wọn. Àwọn ará igbó ń lo ewé gbòdògì. Àwọn ará etí ọ̀sà a sì máa lo imọ̀ ọ̀pẹ. A máa ń fa òrùlé náà wá sílẹ̀ kí ó lè ṣíji bo ògiri, nítorí pé òjò ni olórí ọ̀tá ilé amọ̀.

Ilé kan ṣoṣo kọ́ ni a ń kọ́ bí kò ṣe agbo ilé. Àwọn yàrá yí àgbàlá ká, ojú wọn sì kọjú sí ara wọn. Ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo wọn ń gbà jáde, kí ó má ba à sí àlejò tí yóò wọlé láìjẹ́ pé àgbàlagbà kan rí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ kan náà ni àwọn ìyá ti ń rànwú. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò dà sínú àgbàlá, àwọn obìnrin yóò sì gbé ìkòkò sí i láti gba omi mímu. Nínú ilé kan náà ni a ń sin àwọn àgbà sí. Nítorí náà, nígbà tí ìjà bá dé lórí ilẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: Níbo ni a sin bàbá yín sí?

Ẹnìkan kò lè dá irú ilé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀wẹ̀ ni a ń bẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ a máa ran ara wọn lọ́wọ́ ní àáró, ọkọ ìyàwó pẹ̀lú a máa kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ilé àna rẹ̀. Òrùlé ń fẹ́ àtúnṣe ṣáá, ògiri náà sì ń fẹ́ kí a máa rẹ́ ẹ. Ilé amọ̀ tí kò ní òrùlé kì yóò pẹ́ kí ó tó padà di ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá wá ògiri ọdún 1820 kiri ní Ìsọlọ̀ lónìí fi ń wá ohun tí a kò kọ́ láti dúró fúnra rẹ̀. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ ni ó ń mú un dúró. Èdè wa pàápàá jẹ́rìí sí i. Bí a bá wí pé ilé kan dàrú, kì í ṣe ògiri ni a ń bá wí bí kò ṣe àwọn ènìyàn.

ÌGÁ ỌBA ÀTI ÀKÁ Ẹ̀TÙ

Ilé kan wà ní àkókò náà tí gbogbo ará Ìsọlọ̀ tí ó ń lọ sí ọjà Èkó mọ̀. Ìgá Ìdúngànrán ni, ààfin ọba Èkó. Orí ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko ata Arómirẹ́ nígbà kan ni a kọ́ ọ lé, bí ìtàn ti wí, ìdí nìyẹn tí ó fi ń jẹ́ orúkọ náà. Láyé Ọba Akínṣemóyìn, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn oníṣòwò Potogí tí í ṣe ọ̀rẹ́ ọba fún un ní ohun ìkọ́lé láti òkèèrè, títí kan amọ̀ sísun tí a fi bo òrùlé. Ó yàtọ̀ gidigidi sí imọ̀ ọ̀pẹ tí ó wà lórí ilé àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Kò yẹ kí a pa á mọ́ pé owó ẹrú ni ó mú irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ wá. Ní ọdún 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kí àwọn ará ilẹ̀ wọn má ṣe òwò ẹrú mọ́. Òwò náà kò tíì kúrò ní Èkó fún ìyẹn; ó tilẹ̀ ń pọ̀ sí i ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún náà, nítorí pé Brazil àti Cuba ṣì ń rà. Aṣọ, tábà, ọtí, ìbọn àti ẹ̀tù ni àwọn oníbàárà náà fi ń san án. Aṣọ gbó, ọtí tán, ṣùgbọ́n ẹ̀tù ni a kó pamọ́ sínú ilé.

Ní ọdún 1841, nígbà tí Ọba Olúwọlé wà lórí ìtẹ́, àrá sán sí ààfin, iná sì ràn mọ́ ẹ̀tù tí ó wà níbẹ̀. Ìbúgbàù náà fa ọba ya. Àwọn tí ó wá òkú rẹ̀, iyùn ọba tí ó wà lára rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. A bẹ òǹkàwé wa kí ó fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Ilé tí ó lágbára jùlọ ní Èkó ni, òrùlé rẹ̀ kì í ṣe koríko, ọ̀tá kankan kò sì gbógun tì í ní ọjọ́ náà. Ohun tí onílé kó sínú rẹ̀ fún ààbò ara rẹ̀ ni ó pa á.

OMI TÍ Ó JẸ́ ODI

Láàárín ọdún 1800 sí 1850 ni ilẹ̀ Yorùbá dàrú jù. Òwu fọ́ ní àárín ọdún 1820 sí 1830. Àwọn Ẹ̀gbá sá kúrò nínú igbó wọn, wọ́n sì tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro láàárín ọdún 1830 sí 1840. Ẹni tí ogun bá kó, a ó wọ́ ọ lọ sí etí òkun, sí Èkó tàbí Àgbádárìgì. Ilẹ̀ àwọn Àwórì sì wà láàárín òkè tí ogun ti ń jà àti etí òkun tí ọkọ̀ ẹrú ti ń dúró. Kò sí ẹni tí ó lè sùn níbẹ̀ láìrántí ọ̀nà tí yóò gbà sá.

Àwọn ìlú ńlá mọ odi. A mọ odi yí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ká. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Erédò Súngbọ́ ti wà láti ìgbà láéláé, odi àti yàrà tí gígùn rẹ̀ tó bíi 160 kìlómítà. Èkó kò mọ irú odi bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀sà yí i ká. Àwọn abúlé kéékèèké tí ó wà lórí ilẹ̀ kò ní agbára láti mọ odi gígùn. Igbó, odò àti àbàtà ni tiwọn.

Ní irú ayé bẹ́ẹ̀, bí a ti ń sọdá omi gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí onílé lè ká kúrò bí ó bá fẹ́. Lórí odò kékeré, igi kan tí a gé lulẹ̀ tó. Bí a bá gbọ́ ìró ogun, a ó yí i sínú omi. Lórí ọ̀sà, ọkọ̀ ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó so ó mọ́ èbúté tiwa. Lórí odò ńlá tí ń ṣàn bíi Ògùn, igbá ńlá ni wọ́n ń lò nígbà òjò. Èrò yóò dì mọ́ igbá náà níhà kan, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ yóò dì í mú níhà kejì, yóò sì máa wẹ̀ títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Àwọn àlejò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó rí i kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun ìyanu. Fún àwọn baba wa, iṣẹ́ òòjọ́ ni. Onígbá mọ ìṣàn odò ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ó mọ ibi tí ó jìn àti ibi tí àpáta wà. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá dé etí odò ní òru, kò sí igbá, kò sí ọkọ̀, yóò sì dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n odi omi ní àléébù tirẹ̀. Àwọn àgbà wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ọ́. Ní Èkó, inú ìdílé ọba ni ògiri ti lanu. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ gbógun ti Akítóyè tí ó wà lórí ìtẹ́, ó sì sé ààfin mọ́. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò rí omi dídùn mu mọ́, omi oníyọ̀ ni wọ́n ń mu, ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Ogun Olómirò. Omi tí ó yí ìlú ká láti dáàbò bò ó kò lè pa òùngbẹ ará ìlú. Akítóyè sá gba orí ọ̀sà lọ, ó sì dé Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà Àgbádárìgì.

ILÉ PẸ̀TẸ́Ẹ̀SÌ NÍ ÀGBÁDÁRÌGÌ

Ní ọdún 1845 yìí kan náà ni irú ilé mìíràn dé. Ní oṣù kínní ni Henry Townsend, Charles Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì fún iṣẹ́ C.M.S. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ogun dí ọ̀nà, wọ́n sì dúró. Ní àkókò ìdúró náà ni a kọ́ ilé ìjíhìnrere tí ó ní òkè, èyí tí a kà sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ó ṣì dúró lẹ́bàá omi níbẹ̀ títí di òní, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń lọ wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a fi í wé agbo ilé. Àgbàlá kò sí láàárín rẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ ń wo ìta, níbi tí yàrá agbo ilé ti ń wo ara wọn. Pákó àti páànù ni a fi ṣe òkè rẹ̀, kò sì sí ọ̀wẹ̀ tí yóò máa tún un bò. Crowther fúnra rẹ̀ mọ irú ilé méjèèjì. Agbo ilé ni wọ́n bí i sí, ní Òṣòógùn. Ogun fọ́ ìlú náà ní 1821, wọ́n sì tà á títí ó fi dé Èkó, níbi tí a ti kó o sínú ọkọ̀ ẹrú ní 1822 kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi wí fún àwọn olùkọ́ pé bí wọ́n bá kó àwọn ọmọ lọ wo ilé náà, kí wọ́n má sọ pé níbẹ̀ ni ilé kíkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Irú ilé kan ni ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn agbo ilé tí ogun fọ́ ti pọ̀ kọjá kíkà kí a tó kọ́ ọ.

ÒṢÒDÌ TÁPÀ ÀTI AGBO ILÉ MỌ́KÀNLÉLÓGÚN

Nísinsìnyí a dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí orúkọ oyè rẹ̀ wà lórí Òṣòdì. Láńdújì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Tápà ni, láti ilẹ̀ Núpé. Láti kékeré ni ó ti dé Èkó, ó sì dàgbà lábẹ́ Ọba Òṣìnlókun, ẹni tí ó kú ní 1829. Ó kọ́ èdè Potogí, ó di ẹni tí a ń fi iṣẹ́ ọba rán, a sì fi í joyè Òṣòdì. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ jọba ní 1845, Òṣòdì Tápà ni olórí ogun rẹ̀. Síbẹ̀ ìtàn wí pé òun kan náà ni ó jẹ́ kí Akítóyè kọjá láìfarapa nígbà tí ó ń sá lọ lójú omi. Ẹni tí ó ń ṣọ́ odi mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ṣí ilẹ̀kùn.

Ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà. Àgbá wọn já láti orí omi, iná sì jó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí a fi koríko bò. Odi omi tí ó ti dá ogun orí ilẹ̀ dúró fún ìgbà pípẹ́ wá di ọ̀nà fún ọ̀tá tí ó ní ọkọ̀ tí ó ju ti onílé lọ. Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Níbẹ̀ ni wọ́n bá Consul Campbell ṣe àdéhùn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854.

Ní 1862, lẹ́yìn tí Èkó ti bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, wọ́n padà. A fún Òṣòdì Tápà ní ilẹ̀ ní erékùṣù Èkó, ó sì tẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ dó níbẹ̀ ní agbo ilé mọ́kànlélógún. Nítorí pé Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti wá tẹ̀dó, a ń pe àdúgbò náà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ẹ wò ó: ọkùnrin yìí ti rí ilé àwọn Potogí, ó ti rí àgbá Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di pé kí ó kó àwọn ènìyàn tí ogun ti tú ká jọ, agbo ilé ni ó kọ́. Àwọn ẹrú ìgbà kan wà lára wọn, àwọn ọmọ bíbí ilé wà níbẹ̀. Agbo ilé ni ó sọ gbogbo wọn di ará ibì kan.

Ó kú ní 1868. Ní 1869 ìjọba fún àwọn olórí agbo ilé náà ní ìwé ilẹ̀. Ìwé náà ni a fi jà lẹ́yìn náà. Nígbà tí ìjọba gba apá kan ilẹ̀ náà, a bèèrè pé ta ni yóò gba owó rẹ̀, ṣé olóyè ni tàbí àwọn tí ń gbé inú ilé? Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ́nù ní 1930, ní 1947 sì ni a ṣe òfin pàtàkì nítorí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ògiri amọ̀ àkọ́kọ́ ti wó tipẹ́ kí ẹjọ́ náà tó dé Lọ́ńdọ́nù. Agbo ilé ni a ń jà lé lórí, nítorí pé òun ni ó kù. Oyè náà sì rékọjá ọ̀sà, ó di orúkọ ìlú tí ó wà lórí ilẹ̀, Òṣòdì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lónìí.

BÍ AFÁRÁ TI DÉ

Títí di òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tí ó bá ti Ìsọlọ̀ lọ sí erékùṣù Èkó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀. Nígbà tí ogun ti tán nílé, tí a kò sì bẹ̀rù kí ará òkè wá kó ìlú mọ́, omi kò jẹ́ odi mọ́. Ìdíwọ́ ọjà ni ó dà. Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Afárá kan so Ẹ̀búté Mẹ́ta mọ́ Ìddó, a fi orúkọ George Denton pè é. Èkejì so Ìddó mọ́ erékùṣù, a fi orúkọ Gómìnà Gilbert Carter pè é. Ní 1901 ni a ṣí ojú irin náà dé Ìbàdàn, afárá Carter sì parí ní ọdún kan náà. Ojú irin gba Òṣòdì kọjá. Ìlú tí ó ti wà lẹ́yìn igbó àti àbàtà di ibi tí ọ̀nà ń pàdé.

Ohun tí ó tẹ̀lé e, ojú gbogbo wa ni ó ṣe. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 a la ọ̀nà ńlá gba Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, a sì tẹ́ afárá lórí afárá. Ilé dé ibi tí igbó wà, ilé dé ibi tí àbàtà wà. A la ojú omi kí àgbàrá lè ráyè lọ. Àwọn tí ó kó wá láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà mọ ojú ọ̀nà. Wọn kò mọ omi. Kò sí onígbá mọ́ tí yóò sọ ibi tí ó jìn fún wọn.

ÒRU ỌJỌ́ KAN NÍ ÒKÈ-AFA

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kínní ọdún 2002, iná mú ibi tí àwọn ológun kó ohun ìjà pamọ́ sí ní àgọ́ wọn ní Ìkẹjà. Àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù, ilẹ̀ mì, fèrèsé fọ́ ní ibi tí ó jìnnà. Àwọn ènìyàn kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn mìíràn rò pé ogun dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó tú jáde nínú òkùnkùn, ìyá di ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, ọmọdé di ọwọ́ ọmọdé mú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sá gba Ìsọlọ̀, wọ́n sì dé ojú omi Òkè-Afa.

Koríko orí omi ti bo ojú omi náà bí ẹní. Nínú òkùnkùn, ó jọ ilẹ̀ títẹ́jú. Àwọn tí ó ṣáájú fi ẹsẹ̀ lé e, wọ́n rì. Àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn kò lè dúró nítorí àwọn tí ń tì wọ́n. Àwọn tí ó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ òru náà ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn ni ó sì kú sínú omi, púpọ̀ wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Òkúta ìrántí wà ní Òkè-Afa fún wọn. Àwa Yorùbá a máa gbàdúrà pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ẹni tí ó bá rántí òru náà kò lè gba àdúrà yìí lẹ́nu láìdánu dúró díẹ̀.

Nísinsìnyí kí òǹkàwé wa rántí Ọba Olúwọlé. Láti 1841 sí 2002 jẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́jọ. Ẹ̀tù nínú ààfin ni ti ìṣáájú, àdó olóró láàárín ìlú ni ti ìkẹyìn. Ìgbà méjèèjì, ohun tí a kó pamọ́ fún ààbò ni ó pa ará ilé. Omi tí ó gba àwọn baba wa lọ́wọ́ akóni-lẹ́rú ni ó sì gbé àwọn tí ó wá gbé ilẹ̀ wọn. Omi kò yí padà. Ìmọ̀ omi ni ó kú láàárín wa.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A FI KỌ́ ÀWỌN ỌMỌ

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan bá bèèrè ohun tí àwọn baba rẹ̀ kọ́ ní Ìsọlọ̀ ní ọdún 1820, ẹ má ṣe tijú. Ẹ sọ fún un nípa agbo ilé, bí a ti ń tẹ amọ̀, bí a ti ń dúró kí ipele kan gbẹ kí a tó mọ òmíràn, àti bí gbogbo àdúgbò ti ń pé jọ láti bo ilé ẹnìkan. Bí ó bá bèèrè ìdí tí kò fi sí afárá, ẹ sọ òótọ́ fún un, pé ẹ̀rù ogun àti òwò ẹrú ni. Afárá a máa dúró níbi tí àlàáfíà bá wà. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù aládùúgbò rẹ̀ kò lè tẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kó wọn jáde kúrò nínú kíláàsì. Ẹ mú wọn dé etí omi tí ó wà ní àdúgbò wọn, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn, ẹ fi ibi tí ó ti wá àti ibi tí ó ń lọ hàn wọ́n, kí wọ́n mọ ibi tí afárá wà àti ibi tí kò sí. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwa tí a dàgbà ní láti bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, ní ojú ọ̀sán gangan, ibi tí a ń kó ohun ìjà sí, bí a ti ń ro ojú omi, àti ọ̀nà tí àwọn ènìyàn yóò gbà bí ewu bá dé ní òru. Onígbá Odò Ògùn kò kàwé, kò sì kọ́ afárá kankan, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí èrò fi ẹsẹ̀ lé omi kí òun tó sọ fún un bí ó ti jìn tó.